Ìròyìn Àfetígbọ́ fún Àwọn Tí Kò Ríran

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá wa àgbà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kò ríran mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ìròyìn kọjá òun. Ǹjẹ́ àwa ọmọ ilé lè máa ka ìwé ìròyìn, kí a sì gba ohùn wa sílẹ̀ fún òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é. Ní Aberystwyth, ní ilẹ̀ Wales, àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn sórí kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn afọ́jú ní ọdún 1970. Fún gbígbọ́ rẹ̀, rédíò alákáàdì (èyí tó ń ka ohùn láti inú káàdì kékeré tí a kì bọ̀ ọ́) tó ní bọ́tìnnì ni mo fara mọ́ ju fóònù lọ, nítorí ọwọ́ lásán lè dá bọ́tìnnì mọ̀. Níwọ̀n bí ìwé ìròyìn wa ti sábà máa ń jẹ́ ti èdè Faransé, ẹ túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kà á (ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí àkùkọ, kí igbe rẹ̀ má bàa wọ inú ohùn tí ẹ ń gbà sílẹ̀), kí ẹ sì fi ìkéde òkú kún un, torí òun ni àgbà ń kọ́kọ́ béèrè.