Tí o bá fẹ́ ra Boxer àlòkù, férémù ni kí o kọ́kọ́ wò

Àbúrò mi, mo ti rí ìbéèrè rẹ. O ní o rí máṣíìnì Bajaj Boxer àlòkù kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ tí o fẹ́ máa fi lọ oko lọ́nà Ìjàyè, kí o sì máa fi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ wá sí Mọ́níyà. Ọkùnrin tó ń tà á ní òun nìkan lòun ń gùn ún, pé wọn ò tíì ṣí ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí. O wá ń béèrè ohun tí wàá wò kí o tó sanwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun máṣíìnì nílùú Ìbàdàn yìí, àlòkù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ti rà. Mo tún máa ń bá àwọn èèyàn lọ wo tiwọn. Ohun tí ojú mi rí nídìí ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ pé wọn ò tíì ṣí ẹ́ńjìnì yẹn, má gbé e sọ́kàn rárá. Kò sẹ́ni tó ń ta máṣíìnì tí kì í sọ ọ́. Ẹ́ńjìnì Boxer ò le: sìlíńdà kan ṣoṣo ló ní, atẹ́gùn ló ń mú un tutù, kò lo omi. Tí ríǹgì ẹ̀, ìyẹn irin tó yí písítìnì ká, bá jẹ tàbí tí fáàfù ẹ̀ bá bàjẹ́, Àràrómi ní Agódi Gate ò jìnnà, ẹ̀yà rẹ̀ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ á sì tò ó padà fún ọ. Férémù, ìyẹn irin tó gbé gbogbo máṣíìnì dúró, ni kò rí bẹ́ẹ̀. Férémù tó bá ti wọ́, tí wọ́n wá gbé lọ fún wẹ́dà kó fi iná nà án, kì í sábà bọ̀ sípò dáadáa mọ́. Á máa fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa jẹ táyà. Ojú ibi tí wọ́n jó yẹn náà ló sì máa ń tún kán, lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo tí kòtò sì jìn. Mo ti rí èyí tí ọrùn ẹ̀ já lábẹ́ ẹni tó ń gùn ún. Ọmọkùnrin náà ò kú, àmọ́ èjìká ẹ̀ ò pé mọ́ títí dòní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí mo bá dé ìdí máṣíìnì báyìí, mi ò kì í kọ́kọ́ béèrè ẹ́ńjìnì.

Ojúmọmọ ni kí o lọ. Má lọ ní ìrọ̀lẹ́, má sì gbà kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ kí o tó dé, torí omi máa ń jẹ́ kí ọ̀dà tó ti gbó dán, ó sì máa ń fọ ọ́ìlì tó ń jò dànù. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tan iná fóònù rẹ, kí o wo ibi tí irin abẹ́ táńkì ti so mọ́ ọrùn, níbi tí ọwọ́ máṣíìnì ti ń yí. Ojú ibi tí wọ́n jó láti ilé iṣẹ́ máa ń rí bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì. Èyí tí wẹ́dà ẹ̀bá títì jó máa ń wú gọ́ngọ́, ọ̀tún ẹ̀ kì í bá òsì mu. Fi ọwọ́ pa á, ọwọ́ á mọ ohun tí ojú ò rí. Lẹ́yìn ìyẹn, wo àwọn wáyà tó gba ibẹ̀ kọjá, àti rọ́bà tó bo okùn kílọ́ọ̀ṣì. Tí o bá rí ọ̀dà dúdú lára wáyà, a jẹ́ pé ẹnì kan ti fín ọ̀dà sí férémù yẹn láìtú u, kò sì sẹ́ni tó ń fín ọ̀dà sí ọrùn máṣíìnì tí nǹkan kan ò ṣe. Èmi kì í bá ẹni náà jà. Màá kàn kí i, màá sì máa lọ.

Tí ọrùn bá mọ́, gbé e sórí ṣítáǹdì ńlá, kí ẹnì kan tẹ ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ iwájú lè kúrò nílẹ̀. Fi ìka méjì péré di ọwọ́ ẹ̀ mú, kí o rọra máa yí i láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì. Ó yẹ kó máa lọ geerege. Tó bá dé àárín tó wá fẹ́ há, tí o rí i pé ó ń wọnú ibì kan fúnra ẹ̀, béárìnì ọrùn ti jẹ. Béárìnì ṣe é pààrọ̀, àmọ́ ó ti jẹ́ kí o mọ̀ pé máṣíìnì yẹn ti jẹ kòtò púpọ̀ tàbí pé ó ti forí gbá nǹkan. Di ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì mú nísàlẹ̀, fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, tì í padà. Tó bá ń dún kọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bọ́ sẹ́yìn, mi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì, kò yẹ kó mì rárá.

Èyí tó kù lórí férémù ò ná ọ ní kọ́bọ̀. Wá ibi tí omi díẹ̀ dá sí lórí títì tó tẹ́jú, kí ẹnì kan gun máṣíìnì náà gba inú omi yẹn kọjá, kó sì máa lọ tààrà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Dúró sẹ́yìn, wo ipa táyà. Ó yẹ kí ti ẹ̀yìn tẹ orí ti iwájú. Tó bá jẹ́ pé ipa méjì tó jìnnà síra wọn lo rí, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì wà lójú ààmì rẹ̀ lára irin tí wọ́n fi ń fa ṣéènì le, férémù tàbí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti wọ́ nìyẹn.

Tún wo kárìà ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì ìlú yìí ló ti gbé pákó ní Bódìjà tàbí àpò sìmẹ́ńtì rí. Tí wọ́n bá ti jó irin kún kárìà, tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn sì ti rọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ẹrù ló ṣe. Kì í ṣe èèwọ̀, ìwọ náà ẹrù lo fẹ́ fi gbé. Àmọ́ kí ọkùnrin yẹn má sọ fún ọ pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lòun ń gùn ún lọ.

Ó wá kan ẹ́ńjìnì. Pè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o bẹ̀ ẹ́ pé kó má sítáátì ẹ̀ kí o tó dé. Bí o bá ti ń débẹ̀, kí o tó kí i tán, gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnì. Tó bá ti ń gbóná, ohun kan ń bẹ tí kò fẹ́ kí o rí, torí máṣíìnì tí kì í tètè jí láàárọ̀ máa ń jí wẹ́rẹ́ tó bá ti gbóná. Ní Àpáta, ọkùnrin kan da omi tútù sí ẹ́ńjìnì kí n tó dé. Ẹ́ńjìnì tutù lóòótọ́, àmọ́ omi ṣì wà láàárín àwọn pẹlẹbẹ irin ara ẹ̀, ìdí sáléńsà sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sọ fún un pé màá padà wá lọ́la láàárọ̀ kùtùkùtù, kò gbé fóònù mi mọ́.

Kí o tó ṣí kọ́kọ́rọ́, fẹsẹ̀ tẹ kíìkì díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó le fún ọ níbì kan, kó sì fẹ́ ti ẹsẹ̀ rẹ padà. Tó bá ń wọlẹ̀ fẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, agbára ẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà, sítáátì ẹ̀, kí ẹnì kan dúró ti ìdí sáléńsà. Èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó tutù tó sì lọ kíá, omi lásán ni. Èéfín dúdú, epo ló pọ̀ jù níbẹ̀, kàbùrétọ̀ tàbí fílítà atẹ́gùn ni, owó kékeré sì ni. Èéfín tó bá ní àwọ̀ aró ni kí o ṣọ́ra fún, ọ́ìlì ló ń jó yẹn. Tó bá tú díẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tó sì dáwọ́ dúró, rọ́bà fáàfù ló máa ń jẹ́. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí o bá fún un ní iná kó lè yára ló ń tú, ríǹgì àti bọ́ọ̀rì, ìyẹn inú sìlíńdà tí písítìnì ń gbà lọ gbà bọ̀, ti lọ. Yọ owó iṣẹ́ yẹn kúrò nínú iye tó pè é, kí o tó dúnàá-dúrà rárá.

Pa á. Ṣí ìdérí ọ́ìlì. Ọ́ìlì dúdú ò burú. Èyí tó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀ ti bomi mu, ó lè jẹ́ pé odò ni wọ́n gbé e wọ̀. Èyí tó bá mọ́ tónítóní, béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, torí àwọn kan máa ń da ọ́ìlì tó ki sí i láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tà á, kí ariwo inú ẹ̀ lè rọlẹ̀.

Fún ọ̀nà Ìjàyè tí o ń lọ yẹn, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Yọ fílítà atẹ́gùn. Ti ìka bọ inú ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sí kàbùrétọ̀, nu inú ẹ̀ yíká, kí o wo ìka rẹ. Ó yẹ kó mọ́. Tó bá gbé eruku pupa jáde, ẹ́ńjìnì yẹn ti ń jẹ iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ló sì máa ń pa ríǹgì àti bọ́ọ̀rì kíákíá. Máṣíìnì á dún dáadáa lónìí, kò sì ní pẹ́ tí á fi máa mu ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í débẹ̀ tí wọ́n bá ń wò ó.

Tó bá gbà kí o gùn ún, gbé ẹnì kan sẹ́yìn, kí o wá òkè kan gùn. Ìbàdàn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá òkè. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ké tí máṣíìnì ò sì yára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ. Tí jíà bá ń já fúnra ẹ̀ nígbà tó ń fa ẹrù, má rà á, nítorí wọ́n máa la gbogbo ẹ́ńjìnì sí méjì kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Bíréèkì, táyà, ṣéènì àti bátìrì, owó ni wọn. Kọ wọ́n sílẹ̀, kí o fi ná an. Kìlómítà tó wà lójú ẹ̀ kò tọ́ka sí nǹkan kan, wọ́n ń pààrọ̀ aago yẹn. Rọ́bà ibi ìfẹsẹ̀lé àti ti kíìkì ni kí o wò. Tí wọ́n bá ti jẹ dé irin nígbà tí aago ń sọ pé máṣíìnì ò tíì rìn, ìwọ náà ti mọ èyí tí wàá gbà gbọ́.

Mú mẹkáníìkì tìrẹ dání. Èyí tí ọkùnrin yẹn bá pè, tirẹ̀ ló máa sọ.

Ìwé ló kù. Nọ́ńbà férémù wà lára ọrùn máṣíìnì, ti ẹ́ńjìnì wà lára ẹ́ńjìnì. Ka méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fi wọ́n wé pátíkúlà àti rìsíìtì tó kọ́kọ́ fi rà á. Tí wọ́n bá ti fi fáìlì ha ojú nọ́ńbà, tàbí tí lẹ́tà kan bá jìn ju èkejì lọ, kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà Èkó ló wà lára ẹ̀, béèrè bó ṣe dé ìhín. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 tí Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ onímáṣíìnì ibẹ̀ ti ń wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wọn. Kò sí aburú níbẹ̀ tí ìwé ẹ̀ bá pé. “Ìwé wà nílé, màá mú un wá lọ́la” ni kí o má gbà. Ilé rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì. Kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ti tà á fún ọ, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí orúkọ tó wà lórí pátíkúlà sì jẹ́ orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí o máa sanwó sí.