Ẹsẹ̀ relay wọ ihò wẹ́kú, síbẹ̀ mo yà á lódì

Àbúrò mi, o ní o ò rí footprint (àwòrán ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa wọ̀ lórí bọ́ọ̀dù) relay ẹ, ìyẹn swíìṣì tó ń fi iná ṣiṣẹ́, nínú KiCad tá a fi ń ya bọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà, pé ṣé kó o ṣí èyí tó jọ ọ́ kó o tún un ṣe níbẹ̀. Jọ̀ọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. Library (àkójọ footprint) tó bá KiCad wá kì í sábàá gbà kéèyàn sevu sínú ẹ̀, tó bá sì gbà, ọjọ́ tó o bá fi KiCad tuntun sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ẹ lè pòórá. Ṣí library tìẹ sínú project, ó máa di fọ́dà tí orúkọ ẹ̀ parí sí .pretty, da èyí tó jọ ọ́ kọ síbẹ̀ kó o wá tún ìyẹn ṣe.

Ibi tó ti jẹ owó mi nìyí o. Relay 5V aláwọ̀ búlúù tó ní ẹsẹ̀ márùn-ún yẹn, mo fi caliper wọn ọ́n, mo ya footprint ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo ki ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ bébà, ó wọlé wẹ́kú, mo bá ní kí wọ́n bá mi ṣe bọ́ọ̀dù mẹ́wàá. Nígbà tó dé tí mo fi lẹ́ẹ̀dì jó relay mọ́ ọn tán, gílóòbù tó yẹ kó ṣì kú ló ń tàn, ìgbà tí mo wá fún relay níná ló kú! Àṣé abẹ́ relay ni wọ́n ti ya àwòrán inú datasheet (ìwé àlàyé relay náà), wọ́n kọ "bottom view" tín-ín-rín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èmi yà á bíi pé òkè ni. Ẹsẹ̀ relay yẹn sì dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, torí ẹ̀ ni bébà ò fi tú àṣírí ẹ̀, NO (ẹsẹ̀ tí iná máa ń gbà kọjá kìkì tá a bá fún relay níná) ti bọ́ sípò NC (èyí tí iná máa ń gbà kọjá tá ò bá fún un níná). Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń fi bíléèdì gé láìnì tí mo ń fi wáyà so ó padà.

Torí náà bébà dáa, àmọ́ ìwọ̀n nìkan ló lè sọ fún ẹ. 100% ni kó o fi tẹ̀ ẹ́, má gba "fit to page". Lẹ́yìn ẹ̀ gbé mítà: láìsí iná, COM (ẹsẹ̀ tí NO àti NC jọ ń lò) àti NC ló máa dún, ẹsẹ̀ coil (wáyà wíwé inú relay) méjèèjì máa fi bíi 70 ohms hàn. Fi bírò kọ orúkọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ relay fúnra ẹ̀.

Transistor, swíìṣì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, náà ńkọ́? BC547 àti 2N3904, ìrísí kan náà tí wọ́n ń pè ní TO-92 làwọn méjèèjì, àmọ́ tó o bá kọ ojú pẹlẹbẹ ẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ wà nísàlẹ̀, látòsì lọ sọ́tùn-ún C-B-E (collector, base, emitter) ni ti BC547, E-B-C ni ti 2N3904. Wo nọ́ńbà pad (ojú ibi tá a ń jó ẹsẹ̀ mọ́) ẹ pọ̀ mọ́ ti symbol (àmì ẹ̀ nínú àwòrán circuit) kó o tó sanwó bọ́ọ̀dù.