Èsì: Èló ni owó ófátáìmù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ọ̀gá ilé búrẹ́dì yín ń dá yín dúró di aago 8 alẹ́, ẹ wá ń béèrè iye tí òfin ní kó fi kún owó yín. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ò dárúkọ iye kankan. Abala 13 kàn ní wákàtí tí ẹ jọ fẹnu kò sí, tàbí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá yín dúnàádúrà, ni ti iṣẹ́. Èyí tó bá lé, ófátáìmù ni. Ìwé àdéhùn yín ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò. Wọn ò fún yín? Kó tó pé oṣù 3 tẹ́ ẹ wọṣẹ́ ló yẹ kó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Èmi o, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mò ń kọ aago tí mo wọlé àti èyí tí mo jáde sí. Ìgbà tí akọ̀wé owó ní òun ò rántí, mo kàn ká a gbé síwájú rẹ̀ ni.