Ìgbà wo ló yẹ kí n kúrò lórí Ubuntu 22.04, ètò tó ń darí ẹ̀rọ server mi?

Má dúró dìgbà tọ́jọ́ bá pé o. Oṣù kẹrin 2022 ló jáde, LTS ni, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ń tì lẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń fún LTS ní àtúnṣe ààbò, ìyẹn ni pé ó di oṣù kẹrin 2027, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ihò ààbò tuntun tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀ á kàn wà bẹ́ẹ̀ ni, àfi tó o bá lo Ubuntu Pro, ètò àfikún tó ń jẹ́ kí àtúnṣe ààbò pẹ́ sí i. Tó bá jẹ́ èmi ni, mà á ti bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù mẹ́fà ṣáájú, mà á ṣe backup, mà á dán 24.04, LTS tó tẹ̀ lé e, wò lórí ẹ̀rọ míì ná, torí áàpù àtijọ́ ló máa ń fa wàhálà jù. Èyí tí kì í ṣe LTS ńkọ́? Oṣù mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi ń fún un ní àtúnṣe, fi sílẹ̀ jàre.