Wọ́n fi òòlù tẹ páìpù bíréèkì ẹsẹ̀ kan pa: ṣé mo ṣì lè máa kó ẹrù?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux àtijọ́ kan ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti apá Ìkòyí-Ilé wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ́dà bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rì, mo sì rí i pé inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ti rin gbingbin. Mẹkáníìkì tó bá mi lójú ọ̀nà fi òòlù tẹ páìpù ẹsẹ̀ yẹn pa, ó ní kí n máa lò ó lọ títí màá fi ra rọ́bà tuntun. Bíréèkì ń mú báyìí. Ṣé mo lè máa fi kó ẹrù lọ? Ṣé rọ́bà nìkan ni kí n pààrọ̀, àbí wíìlì sìlíńdà lódindi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ẹrù sínú ọkọ̀ yẹn mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ń dá a dúró báyìí. Tó bá ṣófo, ẹ lè má fura. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gẹ́ bá kún ẹ̀yìn rẹ̀, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí fáàfù kan fi wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hilux, tó ń wo bí ẹrù ṣe tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tó kó tó pín agbára bíréèkì síbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì torí ọlọ́kadà kan ní Sábó, ọkọ̀ á fẹ́ ṣẹ́ sí ọ̀tún, ẹrù á sì máa tì í lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tẹ páìpù pa bẹ́ẹ̀ káàkiri, ó sì ń dùn mí gan-an, torí ẹni tó wa ọkọ̀ náà lọ ló máa jìyà rẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé ọ́ìlì bíréèkì ló jò. Ọ́ìlì gíà náà máa ń jò gba ibẹ̀ tí síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì gíà mọ́) bá ti jẹ. Ẹ fi ìka tọ́ ọ, kí ẹ kán an sínú omi. Ọ́ìlì bíréèkì á pòórá sínú omi. Ọ́ìlì gíà á léfòó, ó ki, òórùn rẹ̀ sì le. Tó bá jẹ́ ti gíà, wíìlì sìlíńdà tuntun ò ní tán ìṣòro yín.

Ní ti rọ́bà, wíìlì sìlíńdà dà bí sírínjì olórí méjì: písítìnì méjì wà nínú rẹ̀, rọ́bà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn wọn, ọ́ìlì ń tì wọ́n síta kí ṣúù (ohun tó ń fún táyà dúró) lè fún dúróòmù (ìkòkò irin tó ń yí pẹ̀lú táyà). Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó tó 205°C. Tó bá ti fa omi dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 140°C ni ìlànà béèrè. Omi yẹn náà ló ń mú kí inú sìlíńdà dípẹtà, tí ihò kéékèèké fi ń wà lára irin. Tí ẹ bá fi rọ́bà tuntun sórí irúfẹ́ irin bẹ́ẹ̀, á ya, á tún jò. Ẹ fi èékánná ra inú sìlíńdà wò: tí kò bá há sí ibì kankan, rọ́bà nìkan tó. Èmi máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lódindi, tọ̀tún tòsì, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi ìwọ̀n ihò inú rẹ̀ wé tuntun.

Páìpù tí wọ́n tẹ̀ yẹn ti parí iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n nà án padà, ẹ má sì gbà kí wọ́n fi kópà fíríìjì rọ́pò rẹ̀. Kò lè gba agbára tó wà nínú páìpù bíréèkì. Ṣúù tó ti mu ọ́ìlì náà, ẹ kó o dànù, kí ẹ ra ti ẹsẹ̀ méjèèjì. Fífi iná sun ún tàbí fífi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ kò lè yọ ohun tó ti wọ inú rẹ̀.

Níbi iṣẹ́, ẹ dí táyà iwájú, ẹ tú hándì bíréèkì, kí ẹ gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró, kì í ṣe jáàkì nìkan. Tí dúróòmù bá há, ihò méjì wà lójú rẹ̀ tí bóòtù 8 (tí ara rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 8) lè wọ̀. Ẹ máa dì wọ́n díẹ̀díẹ̀, á jáde. Ẹ má fi ẹnu tàbí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ tú ẹsẹ̀ kan tán, kí ẹ dì í padà, kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì, kí ẹ lè máa wo bí sípíríǹgì ṣe lọ. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tì páìpù wọlé kí ẹ tó di bóòtù sìlíńdà pinpin. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ kan rọ́bà rárá, wọ́n máa ń mú un wú.

Tí ẹ bá ń lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ̀yìn ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà jù sí másítà (sìlíńdà tí pẹ́dà ń tì), lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, lẹ́yìn náà fáàfù tí mo sọ yẹn tí nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde bá wà lórí rẹ̀. Ọmọṣẹ́ á tẹ pẹ́dà, á dì í mú; ẹ tú nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ yẹn díẹ̀, ẹ dì í padà, kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ máa bu ọ́ìlì tuntun sínú àgbá ọ́ìlì bíréèkì tó wà lórí másítà, kó má gbẹ, kí ẹ má sì da èyí tó jáde padà síbẹ̀.

Tí ẹ bá parí, ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ gidigidi bí ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń rì, ibì kan ṣì ń jò. Tó bá le, ẹ kọ́kọ́ rìn díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹrù níbi tó ṣófo. Tí ẹ bá sì ti kó ẹrù àkọ́kọ́ dé, ẹ wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì bóyá ọ́ìlì ti yọ.