Bakitéríà inú ìgò: ṣé kí n rà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àgbàdo ni mo ń gbìn ní Ṣakí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń po atrazine, òògùn apakoríko, lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fọ ẹ̀rọ tí mo fi ń fín in. Koríko kì í hù níbẹ̀ mọ́, kànga wa kò sì jìnnà. Ẹnìkan fẹ́ ta bakitéríà inú ìgò fún mi, ó ní á jẹ òògùn náà tán. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Òótọ́ ni pé bakitéríà tó ń jẹ atrazine wà. Ní 1995, àwọn onímọ̀ ní Minnesota, Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀kan, Pseudomonas ADP. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti rí i: inú ilẹ̀ tí òògùn koríko ti dà sí gan-an ni. Ilẹ̀ tó bá ń gba atrazine lọ́dọọdún sábà máa ń ní irú wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún yín lè ti wà lẹ́yìn ilé yín lọ́fẹ̀ẹ́. Àlejò ni tinú ìgò. Àwọn onílé, ìyẹn àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tó ti wà nínú ilẹ̀ náà, lè jẹ ẹ́ kó tó ríṣẹ́ ṣe.

Nitrogen, èròjà tó ń mú nǹkan dàgbà, ni àwọn bakitéríà yìí ń wá lára atrazine. Nítorí náà, ẹ má da yúríà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ, tí nitrogen pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ (mo mọ̀ pé ó ń wù yín kí koríko hù). Ẹni tó rí oúnjẹ tó rọ̀ kì í jẹ egungun. Pòròpórò àgbàdo tí ẹ gé wẹ́wẹ́ ni kí ẹ pò mọ́ ilẹ̀ náà, kí ẹ máa wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí i.

Ẹ má fọ ẹ̀rọ níbẹ̀ mọ́. Ní Sweden, láti nǹkan bí 1993, inú kòtò ni àwọn àgbẹ̀ ń da irú omi bẹ́ẹ̀ sí, kí bakitéríà ibẹ̀ lè jẹ òògùn inú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ tiyín jìnnà sí kànga, kó jìn tó 60 cm. Ẹ fi amọ̀ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá po pòròpórò ìlàjì, ilẹ̀ oko yín ìdá kan nínú mẹ́rin, ewé tó ti jẹrà ìdá kan nínú mẹ́rin, kún inú rẹ̀. Ẹ gbin koríko sórí rẹ̀, kí ẹ sì fi páànù bò ó lókè kí òjò má kún un. NAFDAC ti kéde pé kí atrazine dópin láti January 2025, àmọ́ òògùn tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀ náà á nílò kòtò yìí.

Ní ti kànga, ẹ má mu omi rẹ̀ títí ẹ ó fi gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Sísè kì í mú atrazine kúrò, bakitéríà kò sì pọ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ bu ilẹ̀ ibẹ̀ sínú ike kan, ilẹ̀ tó dára sínú òmíràn, kí ẹ gbin ẹ̀wà sí méjèèjì. Ẹ má lo àgbàdo o. Atrazine kì í pa òun. Bí etí ewé ẹ̀wà bá ń pọ́n tó ń gbẹ nínú ike àkọ́kọ́, iṣẹ́ ṣì kù.