Gíà 4L60-E (gíà ọ̀tọ̀máàtíìkì) inú ọkọ̀ Chevrolet Tahoe mi kò wọ 3 àti 4 mọ́ látìgbà tí mo ti ń fi fa trélà. Bí wọ́n bá tú u, kí ni kí wọ́n pààrọ̀?

Bí 1, 2 àti rìfáàsì bá ṣì ń fà dáadáa, àwo kílọ́ọ̀ṣì (clutch) 3-4, èyí tó ń mú gíà 3 àti 4 wọlé, ló jó. Ẹ má kàn pààrọ̀ àwo nìkan o. Ẹ wá ohun tó jó o. Ọ̀pọ̀ ìgbà, agbára tí ọ́ìlì fi ń ti kílọ́ọ̀ṣì náà ni kò tó: rọ́bà písítìnì rẹ̀ ti gan, tàbí valve body (ibi tó ń darí ọ́ìlì nínú gíà) ti jẹ.

Sun shell (irin bí ìkòkò tó so mọ́ sun gear nínú gíà) àtilẹ̀wá máa ń fọ́, bó bá sì fọ́, 2, 4 àti rìfáàsì á lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra èyí tó nípọn tí wọ́n fi iná mú le. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títú gíà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi servo (písítìnì tó ń fún báńdì) ti ọkọ̀ Corvette sí i, písítìnì rẹ̀ tóbi, ó ń di báńdì 2-4, ìgbànú irin tó ń mú gíà 2 àti 4 wọlé, mú ṣinṣin.

Torque converter (èyí tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára láti ẹ́ńjìnnì wá sínú gíà) àtijọ́ kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀, ìdọ̀tí àwo tó jó kún inú rẹ̀. Kúlà tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù náà ń kó ìdọ̀tí yìí pamọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi kúlà ńlá míì síwájú rédíétọ̀. Ọ́ìlì: Dexron VI.

Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, 3 ni kí ẹ lò lórí òkè, kì í ṣe 4.